Ìjẹ́wọ́ Tí Ẹ̀fín Gbà Lẹ́nu Mi

Wọ́n ní mo máa ń di kùnrùngbùn. Òótọ́ ni. Mo dì í, mo sì so ó kó má tú. Ẹni tí wọn ò bá tíì ti ilẹ̀kùn mọ́ pẹ̀lú ẹ̀fín rí kó má wá wàásù ìdáríjì fún mi o. Ohun tó ń dunni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí mo jẹ́wọ́ lójú ìjọ pé èmi ni mo pa àbúrò mi. N ò pa ẹnikẹ́ni. Afẹ́fẹ́ ni mò ń wá.

Òde-Omi, létí ọ̀sà, ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi a máa fi ọkọ̀ ojú omi gbé èrò, ìyá mi a máa yan ẹja tà. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ẹja yíyan mọ̀ pé iná rẹ̀ kì í kú. Ẹ̀fín láàárọ̀, ẹ̀fín lọ́sàn-án, ẹ̀fín nínú irun, ẹ̀fín nínú aṣọ tí a fi ń bora sùn. Inú ẹ̀fín yẹn ni ikọ́ fée ti mú mi. Bó bá ti dé, àyà mi á máa súfèé, èjìká mi á máa lọ sókè sódò, n ò ní lè sọ gbólóhùn kan parí. Ìyá mi fúnra rẹ̀ ló ṣàkíyèsí pé ẹ̀fín ò bá mi lára mu. Òun ló di ẹrù mi, tó ní kí n lọ máa gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ní Òjòwò, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, níbi tí wọn kì í ti í yan ẹja.

Màmá Òjòwò ni mò ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi yìí. Aránṣọ ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú aṣọ funfun tí wọ́n ń wọ̀ ní ìjọ Aládùúrà rẹ̀, òun ló rán an, òun náà sì ni olórí àwọn obìnrin ibẹ̀. Kì í ṣe ìkà. Kò wù mí kí n sọ ọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìkà. Ó ń fún mi lóúnjẹ àjẹyó. Nígbà tí ìwé ọ̀fẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dé, ó rán yunifọ́ọ̀mù fún mi, tí mo bá sì gba ipò kìíní, yóò dìde lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, yóò jó yí yàrá ká. Ohun tó ń ṣe é ni pé kò sí ìṣòro tí kò ní gbé tùràrí lé lórí. Orí fífọ́, tùràrí ni. Ọkọ tí kò sùn sílé, tùràrí ni. Èmi tí àyà mi ń súfèé wá ńkọ́? Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni tèmi, àfi bíi pé ẹja tí mo sá fún ní Òde-Omi ni wọ́n tún sọ mí dà.

Nígbà tí mo wà ní Òjòwò ni bàbá mi kú, inú rírun ọjọ́ mẹ́ta péré. Ó fi oyún sílẹ̀ fún ìyá mi. Ọkùnrin ni ìyá mi fi oyún náà bí. Ẹ ò lè mọ bí ọmọ yẹn ti jẹ́ lójú rẹ̀. Èmi nìkan ló bí ṣáájú, èmi obìnrin tó ń kọ́ fée, tí wọ́n ti gbé fún ẹlòmíràn tọ́. Ọmọ yìí kò kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Bó ń fẹ́ná, ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bó ń yí ẹja padà lórí ààrò, ó wà níbẹ̀.

Nígbà tó pé ọmọ oṣù mẹ́fà, a gba ọlidé, mo sì lọ wò wọ́n. Mo pọn ọmọ náà fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo wúkọ́ títí, nítorí ẹ̀fín, ni mo bá tètè padà sí Òjòwò. N ò tíì pé ọjọ́ márùn-ún tí mo dé tí wọ́n fi wá sọ fún wa pé ọmọ ti kú.

Ìyá mi wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Irun rẹ̀ tú, kò sunkún, kò jẹun, ó kàn jókòó sórí ẹní, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Èmi ni mo sunkún, ẹkún náà ló sì gbé ikọ́ fée mi dìde lọ́jọ́ náà gan-an. Bí àyà mi ti ń súfèé ni Màmá Òjòwò gbójú sókè wò mí. Ó wò mí pẹ́. Ó wá sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́, èdè Ìjẹ̀bú ló fi sọ ọ́, Yorùbá inú ìwé ni mo fi ń kọ ọ́ fún yín:

"Àbúrò mi, ìgbà wo lọmọbìnrin yìí kúrò lọ́dọ̀ rẹ?"

Ìyá mi ní, "Ọjọ́ Ẹtì."

"Ìgbà wo ni ọmọ tó kú bẹ̀rẹ̀ àìsàn?"

"Ọjọ́ Àbámẹ́ta."

Màmá Òjòwò sún ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ sọ́tùn-ún, ó sún un sósì. Ó ní, "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

Mo wo ìyá mi pé yóò sọ pé rárá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló tún ń wò.

Àwọn ará ìjọ gbé mi lọ sí yàrá àdúrà wọn ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Fèrèsé méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n ti méjèèjì, wọ́n sì fi aṣọ dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣe é. Wọ́n gbà pé bí ẹ̀mí búburú bá fi ẹnì kan sílẹ̀ tó sì rí ihò, yóò gba ibẹ̀ jáde lọ wọ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ gbọ́ o, nítorí kí ọmọ ọlọ́mọ má baà kó ohun tí kò sí lára mi, wọ́n ti gbogbo ihò tí afẹ́fẹ́ lè gbà dé ọ̀dọ̀ mi. Wọ́n da tùràrí sórí ẹyin iná inú ẹ̀ṣẹ́ná, àwo irin ẹlẹ́wọ̀n wọn, wọ́n ń jù ú síwá sẹ́yìn níwájú imú mi. Mo mí, ó ta mí lọ́fun. Mo wúkọ́, àyà mi sì fún pọ̀.

"Ẹ wò ó, ó ti ń jà!" Màmá Òjòwò nìyẹn. "Ẹ fi kún un!"

Wọ́n fi kún un. Bí wọ́n ṣe ń fi kún un ni mò ń kú lọ, bí mo ṣe ń kú lọ ni ìgbàgbọ́ wọn ń lágbára sí i pé àwọn ti bá ẹ̀mí náà dé ibi tó ti ń dùn ún. Ètè mi ti dúdú. Mo ń rí àwọn àbẹ́là ní méjì méjì. Màmá Òjòwò tẹ ẹnu mọ́ etí mi, ó ní, "Ta ló pa á? Sọ ọ́, ọmọ mi, wàá rí ìtura. Ìwọ ṣáà sọ ọ́, a ó ṣílẹ̀kùn." Àánú mi ń ṣe é, mo gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀. Ìyá mi jókòó ti ògiri. Ojú ìyá mi ni mo ń wò nígbà tí mo sọ pé, "Èmi ni."

Halelúyà gba yàrá kan. Wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n gbé mi sáré lọ sódò láti wẹ̀ mí nù. Abẹ́ igi ni, afẹ́fẹ́ ń fẹ́, kò sí ẹ̀fín kankan níbẹ̀. Wọn ò tíì da omi kẹta sí mi lórí tí àyà mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í là. Kí ni wọ́n tún fẹ́ rí? Ọmọ jẹ́wọ́, ọmọ ń mí. Wọ́n jó gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ nínú omi yẹn. Nígbà tí wọ́n fi mú mi délé, ìyá mi ti wọ mọ́tò, ó ti ń padà lọ sí Òde-Omi. Kò dágbére fún mi.

Kò bú mi rí. Kò nà mí. Tí mo bá lọ kí i, yóò bu oúnjẹ fún mi, ṣùgbọ́n bí mo bá dáná, kò ní fi ọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ tí mo fi agolo bu omi nínú ìkòkò rẹ̀, ó da gbogbo omi náà nù lójú mi, ó pọn òmíràn. "Ìwọ yìí" ló ń pè mí. Kò pè mí ní ọmọ òun mọ́. Ní Òjòwò, àwọn ọmọ iléèwé ń sún kúrò lórí bẹ́ńṣì tí mo bá jókòó. N ò bínú sí wọn, kí ni wọ́n mọ̀? Ìyá mi ni mo fẹ́ padà rí gbà. Títí dòní, kò sí ohun tí mo fẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láyé.

Ìyá oníṣòwò aṣọ kan ní Àgọ́-Ìwòyè, Mùsùlùmí, tó jẹ́ oníbàárà bàbá mi látijọ́, ló gbà mí sílé kí n lè lọ sí iléèwé Mọ́dà lẹ́yìn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti sọ fún un pé àjẹ́ ni mí. Ó ní, "Ọlọ́run ló ń fúnni ní èémí, kì í ṣe àwọn. Bisimilahi, wọlé, kí o bá mi ká aṣọ yìí." Ọdún mẹ́ta ni mo fi gbé ilé rẹ̀, ó sì ń bu ọbẹ̀ tí mo sè jẹ. Ibẹ̀ ni mo ti lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì.

Lọ́dún kejì iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, obìnrin tó ń kọ́ wa ya àyà èèyàn sára pátákó. Ó ní ọ̀nà tí èémí ń gbà kì í ṣe páìpù irin. Ó ní ẹran wà tó yí i po látòkè délẹ̀, okùn ìmọ̀lára kan sì wà tó ti inú ọpọlọ sọ̀ kalẹ̀, tó gba ọrùn wọ àyà, tó lọ so mọ́ ẹran yẹn. Tọ̀sán-tòru ni okùn náà ń rọra fa ẹran yìí níwọ̀nba, kò jẹ́ kó dẹ̀ jù, kò jẹ́ kó le jù. Bí ẹ̀fín bá ta ọ̀fun, àwọn okùn kéékèèké tó wà níbẹ̀ á ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Ọpọlọ á fèsì gba okùn ńlá yẹn padà pé kí ẹran fún ọ̀nà, kí ìdọ̀tí má baà wọlé. Gbogbo èèyàn ni ara rẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ti ẹni tó ní ikọ́ fée ló ń ṣe é láṣejù, tí yóò fún un pa bí ẹni fa okùn ẹnu àpò. Ó ní oje kan wà tí ara máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ẹ̀rù bá bani, òun ló máa ń ní kí ẹran náà dẹ̀. Wọ́n ti rí i rọ sínú ìgò, abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń gún un.

Mo nawọ́ sókè. Mo ní, "Mà, tí wọ́n bá ti fèrèsé mọ́ ẹni tó ní ikọ́ fée, tí wọ́n wá ń sun tùràrí sí i nímú ńkọ́?"

Obìnrin náà ní, "Ta ló máa ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Ṣé wọ́n fẹ́ pa á ni?"

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo jáde lọ sí ẹ̀yìn ilé, mo gbá ògiri ní ẹ̀ṣẹ́ títí ọwọ́ mi fi bó. Okùn lásán! Okùn tí kò gbọ́ Sáàmù, tí kò mọ àjẹ́, tí kò mọ̀ bóyá mo jẹ́wọ́ tàbí n ò jẹ́wọ́. Wọ́n ń sun tùràrí, okùn ń fún. Wọ́n gbé mi síta, okùn tú. Nǹkan tí wọ́n torí ẹ̀ gba ìyá mi lọ́wọ́ mi kò ju ìyẹn lọ. Ọjọ́ yẹn ni mo búra pé Màmá Òjòwò á san án, lójú ìjọ kan náà.

Àṣesílẹ̀ làbọ̀wábá. Nígbà tí mo jáde iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n rán mi sí ilé ìgbàwòsàn kékeré kan nítòsí Òkè-Ṣọ́pẹ́n, kò jìnnà sí ìjọ Màmá Òjòwò. Lọ́dún yẹn, ní ọjọ́ ìdúpẹ́ ìkórè, ìjọ fẹ́ fi Màmá Òjòwò jẹ Ìyá Ìjọ. Mo gbọ́ pé ìyá mi ń bọ̀ láti Òde-Omi. Mo ní ó dára. Mo rán aṣọ funfun. Mo se abẹ́rẹ́ àti ìgò rẹ̀ nínú omi gbígbóná, mo fa oògùn tó ń dẹ ẹran ọ̀nà èémí yẹn sínú rẹ̀, mo fi aṣọ mímọ́ wé e sínú àpò. Mo bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bíi tiwọn, mo lọ jókòó síwájú pátápátá, níbi tí ẹ̀ṣẹ́ná wà. Mo mọ̀ pé mo lè kú níbẹ̀. Mo ti bá ikú pàdé nítorí tùràrí wọn lẹ́ẹ̀kan, ti pé n ó tún pàdé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì kò bà mí lẹ́rù.

Mo fa ẹ̀fín náà símú. Ìdajì orin kan ò tíì parí tí àyà mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sún. Màmá Òjòwò, nínú aṣọ oyè, yíjú, ó sì dá mi mọ̀. Ó kígbe pé, "Jésù! Ó ti padà sí i lára! Ẹ tilẹ̀kùn!"

Mo jẹ́ kí wọ́n tì í. Mo jẹ́ kó burú tó bí wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Mo wá yọ abẹ́rẹ́, mo ká ọwọ́ aṣọ sókè, mo gún ara mi lápá lójú gbogbo wọn. Ọkàn mi ń lù kì-kì-kì, ṣùgbọ́n kó tó pẹ́ púpọ̀, àyà mi là. Tùràrí ṣì ń rú. Ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì. N ò jẹ́wọ́ nǹkan kan.

Mo dìde. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mo ní ẹ̀rí láti jẹ́." Wọn ò sì lè dá ẹni tó fẹ́ jẹ́rìí dúró lọ́jọ́ ìdúpẹ́. Mo sọ ọ́ bí wọ́n ti kọ́ mi: ẹran, okùn, ọpọlọ, ẹ̀fín. Mo nawọ́ sí Màmá Òjòwò, mo ní òun ló fún mi lọ́rùn nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, tó fi gba irọ́ lẹ́nu mi. Ìyá kan dìde lẹ́yìn, ó ní, "Ọmọ tèmi tó kú sínú yàrá yẹn ńkọ́?" Màmá Òjòwò jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ oyè lọ́rùn, gèlè rẹ̀ ṣí, kò sì mọ̀ pé ó ṣí. Wọn ò fi í jẹ oyè náà lọ́jọ́ yẹn, wọn ò sì fi í jẹ ẹ́ mọ́ títí ó fi kú. Inú mi dùn. Kí ẹnikẹ́ni má retí kí n sọ pé inú mi ò dùn.

Mo ṣílẹ̀kùn, mo jáde. Ìyá mi tẹ̀ lé mi dé abẹ́ igi òròmbó ẹ̀yìn ilé ìjọsìn. Ó ní, "Ọmọ mi."

Ọdún mẹ́wàá ni n ò tíì gbọ́ ọ. Mo dúró, mo ń retí kó bẹ̀ mí. Mo ti múra sílẹ̀ pé n ó jẹ́ kó bẹ̀ dáadáa kí n tó dáhùn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ló bi mí.

"Ẹ̀fín ló ń fún okùn yẹn?"

"Ẹ̀fín ni, Màmá."

"Ẹ̀fín tùràrí nìkan?"

"Ẹ̀fín èyíkéyìí."

Ó di ìgbáròkó rẹ̀ mú. Ó ní, "Àbúrò rẹ mí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ méjì tó kẹ́yìn. Ẹ̀yìn mi ló wà. Mo ń yan ẹja." Ojú rẹ̀ ń bẹ̀ mí. "Nọ́ọ̀sì ni ọ́. Ṣé ẹ̀fín mi ló pa á?"

Ìdáhùn nọ́ọ̀sì kò le. N ò sí níbẹ̀. Ibà lè pa ọmọ oṣù mẹ́fà, òtútù àyà lè pa á, ọ̀pọ̀ nǹkan ló ń jẹ́ kí ìkókó mí kíákíá. Ẹni tí kò fojú rí aláìsàn kì í dárúkọ àìsàn. "N ò mọ̀, Màmá," ó tán. Ó wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí jókòó ti ògiri. Obìnrin yìí ló mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ pé ẹ̀fín ò bá mi lára mu, tó sì jókòó, tó ń wò wọ́n.

Mo ní, "Ẹ̀fín yín ló pa á."

Ó kúnlẹ̀ fún mi, ìyá tó bí mi, lórí iyẹ̀pẹ̀. N ò fà á dìde.

Ó wó ààrò rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hun ẹní tà. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ohun tí mo bá sè ló ń jẹ, ọmọ òun ló sì ń pè mí. Mo rí ìyá mi gbà padà. Nígbà tó dàgbà, mo gbé e wá sọ́dọ̀ mi, mo tọ́jú rẹ̀ bó ti yẹ kí ọmọ tọ́jú ìyá, ó sì kú lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ tó kú, ọmọ oṣù mẹ́fà yẹn ló ń bẹ̀ pé kó forí ji òun. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, n ò sì sọ fún un pé n ò mọ̀.